Bí Ìràwọ̀ Bá Ti Ń Dàgbà, Bẹ́ẹ̀ Ni Ó Ń Fúyẹ́

 

Oòrùn tó yọ láàárọ̀ yìí fúyẹ́ ju èyí tó yọ lánàá lọ. N kò fi èyí dárà. Ìmọ́lẹ̀ tí oòrùn ń tàn nìkan ń gba ìwọ̀n tó lé ní mílíọ̀nù 4 tọ́ọ̀nù lára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀fúùfù kan tún ń fẹ́ jáde lára rẹ̀ lọ́sàn-án lóru, ẹ̀fúùfù gáàsì gbígbóná tó ń kó bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ tọ́ọ̀nù lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Eugene Parker, ará Amẹ́ríkà, ló fi ìṣirò fi hàn ní 1958 pé ẹ̀fúùfù bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìsí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà á gbọ́. Nígbà tó di 1962, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Mariner 2, tí wọ́n rán lọ wo Àgùàlà, bá ẹ̀fúùfù náà pàdé lójú ọ̀nà, iyàn sì parí.

Síbẹ̀, oòrùn tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àdánù yìí kò fi jọ ọ́ lójú. Bó bá ń bá a lọ báyìí fún bílíọ̀nù 10 ọdún, ohun tí yóò bá a lọ kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Ẹnì kan lè wá bi mí pé kí ló wá kù tí mo fẹ́ sọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé oòrùn ò tíì darúgbó. Àwọn ìràwọ̀ wà tó ti darúgbó, tí ohun tí ẹ̀fúùfù wọn ń gbé lọ láàárín ọdún kan ṣoṣo ju ohun tí ẹ̀fúùfù oòrùn lè gbé lọ ní mílíọ̀nù 100 ọdún. Bí ìràwọ̀ bá dé irú ìpele yìí, kò ní pẹ́ kó tó tán. Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyí: a ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé ìràwọ̀ ń kú nígbà tí ohun tó ń jó nínú rẹ̀ bá tán. Ẹ̀kọ́ náà kò pé. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìràwọ̀ tó ti darúgbó, ẹ̀fúùfù ló ń pa wọ́n. Ẹ̀fúùfù á bọ́ ara wọn tán kí iná inú wọn tó rí gbogbo rẹ̀ jó.

Báwo la ṣe mọ̀? Ọdún 1956 ni ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin kọ́kọ́ jáde. Armin Deutsch, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòràwọ̀ Mount Wilson ní California, ń ṣàyẹ̀wò ìràwọ̀ pupa kan tí wọ́n ń pè ní Ras Algethi. Arúgbó ni ìràwọ̀ náà, ó sì ní ẹnìkejì kan tó ń bá a rìn lókèèrè. Bí a bá la ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sí àwọ̀ àwọ̀, àwọn ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń hàn nínú rẹ̀, ilà kọ̀ọ̀kan sì ń sọ irú gáàsì tí ìmọ́lẹ̀ náà gbà kọjá. Deutsch rí i pé ilà tó jẹ́ ti gáàsì ìràwọ̀ pupa náà tún hàn nínú ìmọ́lẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Ìyẹn ni pé gáàsì yẹn ti tàn dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, ó tún ti kọjá rẹ̀, ó sì ń sáré bíi 10 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, òòfà ìràwọ̀ náà kò lágbára tó láti fa ohun tó ń sáré báyẹn padà. Ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀rí kejì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ìṣirò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀wọ́ ìràwọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Hyades, ó tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 150 sí wa. (Ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè sáré dé láàárín ọdún kan, ó tó tírílíọ̀nù 9.5 kìlómítà.) Àkókò kan náà ni wọ́n bí gbogbo ìràwọ̀ inú ọ̀wọ́ yìí, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 650 ọdún sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀, ìràwọ̀ tó bá tóbi ló ń tètè gbó. Nítorí náà, ìràwọ̀ èyíkéyìí tó bá ti kú láàárín wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ ju ti oòrùn lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Òkú wọn ṣì wà níbẹ̀, àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tí à ń pè ní aràrá funfun. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn aràrá yìí, kò sí èyí tó tó oòrùn kan nínú wọn. Níbo wá ni ìyókù wà? Kò sí ìbúgbàmù tó lè gbé e lọ, nítorí ìràwọ̀ tó bá bú gbàmù kì í fi aràrá funfun sílẹ̀ ní irú ipò yẹn. Ó ti tú ká sínú òfuurufú kó tó kú, díẹ̀díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, tìjà-tìjà nígbẹ̀yìn.

Ó wá yẹ ká bi ara wa léèrè ohun tó ń tú u ká.

Inú ìràwọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ìràwọ̀ fi wà ní ọ̀dọ́, háídírójìn àárín gbùngbùn rẹ̀ ló ń sọ di hílíọ̀mù, ibẹ̀ ni ooru àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí háídírójìn àárín yẹn bá tán, àárín á fún pọ̀, á gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìta á sì máa wú. Ìràwọ̀ tó tó oòrùn lè wú títí yóò fi fẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní ìlọ́po igba. Ojú rẹ̀ á tutù láti 5,500 dígíríì wá sí nǹkan bíi 3,000, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì di ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní òmìrán pupa.

Ìwúwú yìí ní ohun tó ń dá sílẹ̀. Ojú ìràwọ̀ ti jìnnà sí àárín rẹ̀ báyìí, òòfà tó dì í mú sì ti dẹ̀. Bó bá wú ní ìlọ́po igba, òòfà ojú rẹ̀ á lọ sílẹ̀ ní ìlọ́po 40,000. Lónìí, ohunkóhun tó bá fẹ́ kúrò lójú oòrùn láì ní padà gbọ́dọ̀ sáré ju 600 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá wú báyẹn, 44 kìlómítà ti tó.

Ṣùgbọ́n pé ọwọ́ dẹ̀ lára nǹkan kò sọ pé nǹkan náà yóò fò lọ. Ó ṣì nílò ohun tí yóò gbé e. Níbi yìí ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ti dùn mọ́ mi jù lọ, nítorí pé ohun méjì ló ń gbé e, èkíní kò sì lè ṣe é láìsí èkejì.

Èkíní ni pé ara òmìrán pupa kì í dúró jẹ́ẹ́. Gbogbo ara rẹ̀ ń wú, ó ń sọ̀, ó tún ń wú, ìgbà kan sí ìkejì sì lè tó oṣù mẹ́wàá tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbàkigbà tó bá wú, ìgbì alágbára kan á gba ara gáàsì òde kọjá, á sì gbé e sókè kúrò lójú ìràwọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, gáàsì gbígbóná ń ru sókè láti inú wá, ó ń tutù, ó tún ń rì, bí ògì tó ń hó lórí iná ṣe ń wú tó sì ń bẹ́. Wouter Vlemmings àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Chalmers ní Sweden fi èyí hàn gbangba ní 2024. Wọ́n lo àwọn awo rédíò 66 ti ALMA, tó wà lórí òkè gíga kan ní Chile, láti ya ojú ìràwọ̀ R Doradus lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí láàárín oṣù keje sí ìkẹjọ ọdún 2023. Ohun tó ń ru níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ ju oòrùn wa lọ ní ìlọ́po 75, ó sì ń yí padà láàárín nǹkan bí oṣù kan. Kí wọ́n tó ṣe é, kò sí ẹni tó tíì rí irú èyí kedere tó bẹ́ẹ̀ lójú ìràwọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí oòrùn.

Gáàsì tí ìgbì gbé sókè kò tíì bọ́. Bí kò bá sí ohun mìíràn, yóò padà já bọ́ sílẹ̀. Ohun kejì ni eruku. Bí gáàsì bá ti ń jìnnà sí ìràwọ̀ ló ń tutù, nígbà tí ooru rẹ̀ bá sì sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún dígíríì, àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra wọn, wọn á di ègé líle tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Eruku nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ a máa ti nǹkan. Àwa tí a dúró nínú oòrùn kò mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé a wúwo, oòrùn sì jìnnà. Ṣùgbọ́n ègé eruku kékeré tó wà lẹ́bàá ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ju ti oòrùn lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sí bí kò ṣe ní lọ. Bó sì ti ń lọ, ó ń kọ lu gáàsì tó yí i ká, ó ń tì í níwájú. Nínú 200 gíráàmù ohun tó ń jáde, eruku lè má ju gíráàmù kan lọ, síbẹ̀ gíráàmù kan yẹn ló ń gbé ìyókù. Eré wọn kò yá púpọ̀, ó wà láàárín 5 sí 20 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ó tó, nítorí òòfà ti dẹ̀.

Irú eruku tí yóò di, èyí wà lọ́wọ́ ìjà tó wà láàárín kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn ju ohun gbogbo lọ. Bí wọ́n bá ti pàdé nínú gáàsì tó ń tutù, wọ́n á so pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan kábọ́ọ̀nù sí ọ̀kan ọ́síjìn, títí èyí tó kéré nínú wọn á fi tán. Èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń ṣe eruku. Bó bá jẹ́ ọ́síjìn ló ṣẹ́kù, yóò dara pọ̀ mọ́ sílíkọ́ọ̀nù, irin àti magnésíọ̀mù, eruku náà á jọ iyanrìn àti òkúta. Bó bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù, eruku á dúdú, á rí bí èédú, bí dúdú tí a ń rí lára ìkòkò. Nígbà èwe ìràwọ̀, ọ́síjìn ló máa ń pọ̀ jù. Àwọn kan nínú wọn, bí wọ́n bá ti ń gbó, a máa gbé kábọ́ọ̀nù tuntun láti inú wá sójú, títí ìṣirò á fi yí padà.

Eruku dúdú kò dààmú àwọn onímọ̀, nítorí pé ó ń gba ìmọ́lẹ̀ sára dáadáa. Èyí tó jọ òkúta ló fa wàhálà fún ọdún púpọ̀. Bí irin bá wà nínú rẹ̀, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ jù, á gbóná, á sì yọ́ dànù kó tó ṣiṣẹ́ kankan. Bí irin kò bá sí nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá láì tì í. Susanne Höfner, ti Yunifásítì Uppsala ní Sweden, dá a lábàá ní 2008 pé bí ègé eruku aláìnírin náà bá lè dàgbà díẹ̀ sí i, kó fẹ̀ tó ìgbì ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ní nílò láti gba ìmọ́lẹ̀ sára mọ́. Ìmọ́lẹ̀ á kọ lù ú, á tú ká, yóò sì tì í síbẹ̀. Ní 2012, Barnaby Norris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi awò ńlá tó wà ní Chile wo ẹ̀bá àwọn òmìrán pupa mẹ́ta, wọ́n sì bá eruku tó tóbi báyẹn níbẹ̀ gan-an, nítòsí ojú ìràwọ̀. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ka irú iṣẹ́ báyìí, pé ẹnì kan jókòó ti ìwé àti kọ̀ǹpútà, ó sọ ohun tó yẹ kó wà níbì kan tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè dé, àwọn mìíràn lọ wò ó, wọ́n bá a.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú un wá sórí ìràwọ̀ tí a mọ̀ lórúkọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1596, David Fabricius, pásítọ̀ kan ní àríwá Jámánì, rí ìràwọ̀ kan tí kò sí nínú àwòrán ọ̀run tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ìràwọ̀ náà pòórá. Ní 1609, ó tún rí i níbi kan náà. Òun ni Mira, orúkọ tó túmọ̀ sí ohun ìyanu. Láàárín ọjọ́ 332 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ga dé ibi tí ojú lásán ń rí i, á sì tún lọ sílẹ̀ títí kò fi ní hàn mọ́ àfi pẹ̀lú awò. Wíwú àti sísọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni. Fún ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń wo Mira tí wọn kò mọ̀ pé ó nírù. Ní 2007, ẹ̀rọ GALEX tí Amẹ́ríkà gbé sókè láti máa wo irú ìmọ́lẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kó dé ilẹ̀ rí ìrù gáàsì kan lẹ́yìn rẹ̀, tó gùn tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 13. Mira ń sáré la inú gáàsì tó wà láàárín ìràwọ̀ kọjá, eré 130 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó ń tú kúrò lára rẹ̀ sì ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Ohun tó wà ní òpin ìrù náà ti kúrò lára rẹ̀ láti nǹkan bí 30,000 ọdún sẹ́yìn.

Èyí tó le jùyẹn wà nínú ọ̀wọ́ ìràwọ̀ Kìnnìún. IRC +10216 ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá wo ibẹ̀ pẹ̀lú ojú lásán, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Àwọn onímọ̀ pàápàá kò mọ ohun tó jẹ́ títí di 1969, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tó ń mọ ooru ọ̀run yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ó wà lára àwọn ohun tó ń tan ooru jù lọ sọ́dọ̀ wa lójú sánmà. Ìràwọ̀ kábọ́ọ̀nù ni, ó ti fi eruku ara rẹ̀ bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó ń dànù lára rẹ̀ lọ́dún kan wúwo ju ayé 6 tó rí bí èyí tí a ń gbé yìí lọ. Bí ìràwọ̀ kan bá ń ṣe báyẹn, 50,000 ọdún ti tó láti fi gba odindi ìwọ̀n oòrùn kan lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún. Nínú gáàsì tó yí i ká, wọ́n ti rí irú mólékù tó lé ní 80.

Ìràwọ̀ ńláńlá, èyí tó máa bú gbàmù nígbẹ̀yìn, náà ń pàdánù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ti wọn, àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó ń tì í jáde. Betelgeuse ni àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa. Ní ìparí ọdún 2019, ìràwọ̀ pupa ńlá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 2020, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán fi mọ̀ ọ́n. Ìròyìn gba gbogbo ayé pé ó fẹ́ bú. Kò bú. Andrea Dupree àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi awò Hubble rí i pé gáàsì gbígbóná rẹpẹtẹ ti kúrò lójú rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Miguel Montargès àti àwọn tirẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ láti Chile, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣú dùdù. Àlàyé tí wọ́n ṣe ní 2021 ni pé apá kan ojú rẹ̀ tutù, gáàsì tó ti jáde sì di eruku níwájú rẹ̀, ó bo ìmọ́lẹ̀. Ohun tí à ń fi ìṣirò sọ láti ọjọ́ yìí, pé ìràwọ̀ arúgbó ń tu gáàsì, gáàsì ń di eruku, ọmọ aráyé fi ojú ara wọn rí i láàárín oṣù díẹ̀.

Kí ló ń kẹ́yìn ìràwọ̀ tí kò tóbi tó Betelgeuse? Nígbà tí ẹ̀fúùfù bá ti bọ́ ara òde rẹ̀ tán, àárín rẹ̀ á ṣẹ́kù, á gbóná janjan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á mú kí gáàsì tó ti kọ́kọ́ jáde máa tàn. Ìkùukùu aláràbarà tí ẹ máa ń rí nínú àwòrán awò Hubble nìyẹn, kì í sì pẹ́ ju nǹkan bí 20,000 ọdún lọ kó tó pòórá. Ìrísí wọn ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé òmìrán pupa rí roboto, ìkùukùu rẹ̀ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ní 2020, Leen Decin ti Yunifásítì Leuven ní Belgium àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ALMA fi hàn pé ẹ̀fúùfù òmìrán pupa ti wé kọ́lọkọ̀lọ kó tó di ìkùukùu, wọ́n sì sọ pé ẹnìkejì tó ń yí ìràwọ̀ náà ká ló ń wé e bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ ìràwọ̀ kékeré, ì báà jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì ńlá.

Oòrùn wa náà yóò dé ibẹ̀. Ó kù ju bílíọ̀nù 7 ọdún lọ. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni yóò tú sínú òfuurufú, ìyókù á di aràrá funfun tí kò ní fẹ̀ ju ayé yìí lọ púpọ̀. Bí oòrùn bá ti ń fúyẹ́, òòfà rẹ̀ á dẹ̀, ayé á sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Àwọn kan ti rò pé èyí ni yóò gba ayé là. Klaus-Peter Schröder àti Robert Smith ṣe ìṣirò náà ní 2008, wọ́n ní sísún yẹn kò ní tó, oòrùn tó wú yóò fa ayé padà, yóò sì gbé e mì. Òkun á ti gbẹ tipẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí bí ọ̀rọ̀ ikú nìkan, nítorí pé ohun tó ń jáde lára àwọn ìràwọ̀ yìí kò ṣòfò. Ní 1952, Paul Merrill rí èròjà kan tó ń jẹ́ technetium nínú ìmọ́lẹ̀ àwọn òmìrán pupa kan. Èròjà yìí ń jẹrà. Èyí tó pẹ́ jù nínú rẹ̀, ìdajì rẹ̀ á ti yí padà di ohun mìíràn láàárín mílíọ̀nù 4 ọdún. Ìràwọ̀ náà sì ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Kò lè jẹ́ pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é ni. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ dájú pé inú ìràwọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe èròjà tuntun, ẹ̀fúùfù arúgbó sì ń gbé e jáde. Nǹkan bí ìdajì àwọn èròjà tó wúwo ju irin lọ ló wá nípa báyìí. Púpọ̀ nínú òjé tó wà nínú bátìrì ọkọ̀ yín wá láti ibẹ̀. Wúrà ọrùn yín kọ́, ọ̀nà mìíràn ni wúrà gbà wá. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú náítírójìn tó wà nínú ẹran ara wa àti kábọ́ọ̀nù tó wà nínú gbogbo ohun tí à ń jẹ ti fìgbà kan rí jẹ́ ara òmìrán pupa.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà tí a lè fọwọ́ kàn. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1969, òkúta kan já láti ọ̀run bọ́ sí ìlú Murchison ní Australia. Nínú rẹ̀, àwọn onímọ̀ yọ ègé sílíkọ́ọ̀nù àti kábọ́ọ̀nù kéékèèké kan jáde, tí irú átọ́ọ̀mù inú wọn kò bá ti oòrùn wa mu rárá. Eruku àwọn òmìrán pupa ni púpọ̀ nínú wọn, eruku tó ti dì kí a tó dá oòrùn. Ọdún 2020 ni wọ́n gbé ọjọ́ orí wọn jáde, àwọn tó pẹ́ jù nínú wọn tó bílíọ̀nù 7 ọdún. Oòrùn àti ayé kò ju bílíọ̀nù 4.6 lọ. Kò sí ohun líle kankan tí ọwọ́ ènìyàn tíì bà tó pẹ́ tó ìyẹn.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan, ẹ̀yin olùkọ́ ni mo sì ń bẹ̀. Betelgeuse ń gba orí ìlú Ìbàdàn kọjá gangan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yà sí ọ̀tún tàbí òsì. Ní oṣù kejì ọdún, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, bí ọyẹ́ kò bá bo ojú sánmà, ẹni tó bá dúró sí Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ọ̀ṣogbo tó gbójú sókè ṣánṣán yóò rí ìràwọ̀ pupa yìí lókè orí rẹ̀. Kò sí awò tí ó nílò. Àwọn ènìyàn lásán ti ń ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ báyìí fún ìgbà pípẹ́: ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, AAVSO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1911, iṣẹ́ wọn ni láti kó ìròyìn jọ láti gbogbo ayé nípa ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yí padà. Ẹ kó àwọn ọmọ yín jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ Betelgeuse wé ti àwọn ìràwọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí ojú wọn rí, kì í ṣe ohun tí ìwé sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ránṣẹ́. Iléèwé tó bá ṣe èyí fún ọdún mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn ti ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nípa ìràwọ̀ tó ń tú ara rẹ̀ ká, ẹnikẹ́ni ní ayé sì lè lò ó.